Ẹsẹ̀ Ni Wọ́n Ní Ó Ń Dùn Ún

Ọ̀rọ̀ tí Làbákẹ́ gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu Adùnọlá ọmọ rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ ẹ̀wà lọ. Ọmọ náà ti wọ bàtà, ó ti gbé báàgì kọ́ apá, ó ti dé ẹnu ọ̀nà ńlá ilé tí wọ́n ń gbé ní Mùṣín, kí ó tó yíjú padà, kí ó pariwo gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Màmá, ẹ̀wà yín ń jóná o!" Ẹ̀yìnkùlé ni Làbákẹ́ wà, ó ń sá aṣọ. Ó sáré wọ ilé ìdáná, ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó bu omi lé e. Nígbà tí yóò fi jáde wá sọ pé ó ṣeun, ọmọ ti lọ. Àwọn aráalé ń fi í rẹ́rìn-ín. "Ìyá Adùnọlá, imú ọmọ yín mú ju tiyín lọ."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Adùnọlá, òun nìkan sì ni Làbákẹ́ bí fún Oyèwọlé, tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè. Irun ni Làbákẹ́ ń dì jẹun. Iwájú ilé ló máa ń gbé àga rẹ̀ sí, àwọn oníbàárà á jókòó sórí àpótí sáàárín orúnkún rẹ̀, wọ́n á sì máa ròyìn ilé ọkọ wọn fún un títí yóò fi parí.

Irun yìí náà ló fi mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọmọ òun. Ní ọdún tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi apá òsì títì sílẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún, ibà kan mú Adùnọlá, ibà tó wú u ní orúnkún àti ọrùn ọwọ́. Ibà lọ, gbogbo wọn dúpẹ́. Ní Sátidé kan, ọmọ jókòó kí ìyá rẹ̀ di ṣùkú fún un, Làbákẹ́ sì rí i pé nǹkan ń lu òun ní orúnkún. Ó dáwọ́ dúró. Ẹ̀yìn ọmọ ló fara tì í. Àyà ọmọ ló ń lù bẹ́ẹ̀, bí àyà ẹni tí ajá lé, bẹ́ẹ̀ ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń jẹ gúgúrú.

Ní ọsibítù Ìdí-Àràbà, dókítà kan tí kò tí ì dàgbà púpọ̀ fi rọ́bà gbọ́ àyà ọmọ náà, ó gbọ́ ọ pẹ́.

"Ìyá, ọkàn ní ilẹ̀kùn bí ilé ṣe ní. Ibà yẹn ti ba ọ̀kan jẹ́. Kì í pa dé dáadáa mọ́."

"Ṣé yóò kú ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa mú un wá gba abẹ́rẹ́ lóṣooṣù, ẹ má jẹ́ kó já ọ̀kan. Kó má sáré, kó má fò, kó má bá wọn ṣe dírìlì nílé-ìwé. Tó bá dàgbà sí i, a ó mọ ohun tí a lè ṣe. Ẹ sọ fún wọn níbẹ̀ o, pé ọkàn ni."

Làbákẹ́ ò lè dá lọ sílé-ìwé. Sìmíátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó ń ta abọ́ tánganran ní Ọ̀yìngbò, ló mú Oyèwọlé wá sí Èkó láti Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló wá ìyàwó fún un, òun náà ló fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ nílé-ìwé. Làbákẹ́ kì í pe orúkọ rẹ̀. Ìyá Ọ̀yìngbò ló ń pè é. Àwọn méjèèjì jọ jókòó síwájú Mísíìsì Abọ́dúndé, ọ̀gá ilé-ìwé.

"Kí ló ń ṣe ọmọ náà tí kò fi ní ṣe dírìlì?"

Làbákẹ́ lanu. Sìmíátù ti gba ọ̀rọ̀.

"Ẹsẹ̀ ni, Mà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lágbára. Láti kékeré ni."

Ìyàwó kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n ọkọ, áḿbọ̀sì lójú àlejò. Ìgbà tí wọ́n dé ojú títì ni Làbákẹ́ tó fọhùn.

"Ìyá, dókítà ní ká sọ pé ọkàn ni."

"Dókítà ni yóò fẹ́ ẹ? Àwọn tó bá máa wá tọrọ rẹ̀, wọn ò ní ṣàìwádìí dé ilé-ìwé. Ẹsẹ̀ dídùn, ta ni ẹsẹ̀ kì í dùn? Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́ pé ọkàn! Àwọn àbúrò rẹ̀ tí o ò tí ì bí gan-an, kò sẹ́ni tó máa kan ilẹ̀kùn nítorí wọn." Ó tún gèlè rẹ̀ so. "Wọ́n ní kó má sáré. Kò ní sáré. Kí ló tún kù?"

Làbákẹ́ wò ó títí, kò rí ohun tó kù.

Bí Adùnọlá ṣe di ẹni tó ń jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù nìyẹn, tó ń ṣọ́ bàtà àwọn tó ń ṣe dírìlì. Ìyá Oníbàtà ni wọ́n ń pè é.

"Ìyá Oníbàtà, èló ni ẹsẹ̀ kan?"

"Tìrẹ ń rùn. Ọ̀fẹ́ ni, gbé e lọ."

Ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ kan bàtà rẹ̀ a máa bá ẹsẹ̀ bàtà ẹlòmíì lọ, Adùnọlá a sì jókòó jẹ́ẹ́, á máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jà. Ó máa ń ròyìn rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lórí àpótí, àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín títí òòyà á fi já bọ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ tuntun dé. Mísì Edith lorúkọ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, ó fi fèrè kékeré kọ́ ọrùn, ara rẹ̀ sì yá mọ́ ọmọ. Ó rí Adùnọlá lábẹ́ igi.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ni, Mísì. Kò lágbára."

Mísì Edith bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ ní ọrùn ẹsẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ ní iṣan. "Ta ló sọ fún ọ pé ìjókòó ló ń fún ẹsẹ̀ lágbára? Dìde, jẹ́ ká rìn."

Ó rò pé oore lòun ń ṣe, oore sì ni ì bá jẹ́ fún ẹsẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ń rìn yí pápá ká. Nígbà tó yá, wọ́n ń fo okùn díẹ̀díẹ̀. Kó tó di pé ìdíje eré sísá ilé-ìwé sún mọ́lé, Adùnọlá ti wà nínú àwọn tó ń sáré gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Gbogbo ìyẹn, kò sọ ọ́ nílé. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní Ìyá Oníbàtà mọ́.

Orúnkún Làbákẹ́ ló tún mọ̀. Ní Sọ́ńdè kan, lílù náà ti le ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

"Kí lò ń ṣe nílé-ìwé?"

"Kò sí nǹkan, Mà." Ọmọ náà fọwọ́ ha etí àpótí. "Mísì ní ẹsẹ̀ mi ti ń lágbára."

"Mísì wo?"

Gbogbo rẹ̀ wá jáde. Làbákẹ́ ò lù ú. Ó ní, "O ò gbọdọ̀ sáré mọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Mà. Tí Mísì bá wá bi mí pé kí ló dé ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa sọ pé ẹsẹ̀ ni."

"Sọ fún un pé mò ń bọ̀ wá bá a."

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀yìngbò ló lọ, kò lọ sílé-ìwé. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ìyàwó ò lè dá lọ tú u. Sìmíátù ń to abọ́ léra. Ó gbọ́ tán, ó fi etí ìró nu abọ́ kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"O ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé e síbẹ̀, èmi ni n ó gbé e kúrò. Jẹ́ kó di Ọjọ́bọ̀, ká jọ lọ."

Làbákẹ́ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ọjọ́ Ajé nìyẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òwúrọ̀ tí ẹ̀wà jóná.

Bí àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣe sọ ọ́ ni pé Adùnọlá ní màmá òun ń bọ̀ wá rí Mísì. Mísì ní ó dára, kó kàn bá wọn sáré lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí ẹnì kan nínú wọn ò wá. Ó sáré, ó gbé ọ̀pá lé ẹni tó kàn lọ́wọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó rọra lọ sábẹ́ igi, ó jókòó sáàárín bàtà. Wọ́n ní ó ń sinmi. Ìgbà tí aago lù tí wọ́n wá mú bàtà, tí wọ́n pè é tí kò dáhùn, ni wọ́n tó mọ̀. Wọ́n gbé e dé Ìdí-Àràbà, ṣùgbọ́n òkú ni wọ́n gbé débẹ̀.

Àwọn ọkùnrin inú ilé ló gbé e lọ sí itẹ́ òkú Àtàn ní ìrọ̀lẹ́. Òbí kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Mísì Edith wá. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó kúnlẹ̀ sétí ẹní tí Làbákẹ́ jókòó sí.

"Mà, ẹsẹ̀ yẹn ti ń le. Mo fojú ara mi rí i pé ó ń le. Ṣé mo ṣe nǹkan ni, Mà? Ṣé ẹsẹ̀ náà ni?"

Sìmíátù wà níbẹ̀. Làbákẹ́ wò ó. Sìmíátù tẹrí ba, kò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Làbákẹ́ wo ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀, tí kò ju ẹni tí òun ìbá dirun fún lọ. Bí òun bá sọ pé ọkàn ni, Mísì yóò mọ̀ pé eré tí òun Mísì ní kí ọmọ sá ló pa á.

"Dìde, ọmọ mi," ló sọ. "Kì í ṣe ìwọ."

Sìmíátù ní kí ọ̀fọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀ ná, àwọn yóò jọ lọ sọ òótọ́ fún Mísì. Ọ̀fọ̀ rọlẹ̀. Wọ́n gbé Mísì Edith lọ sí ilé-ìwé mìíràn ní Yaba, ó sì ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní dírìlì níbẹ̀. Kò sí ẹni tó tí ì lọ sọ fún un pé ọkàn ni.