Ìyá Ìbéèrè àti Ẹ̀wù Ọ̀gá

Ọ̀gá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìyá Ìbéèrè, kì í sì í ṣe tìfẹ́tìfẹ́. Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin télọ̀ yìí: oníbàárà kì í sọ̀rọ̀ bí téèpù bá ti wà lára rẹ̀. Ọ̀gá ló mọ ohun tó yẹ ọ́. Tìrẹ ni pé kó o dúró gbọnin.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tí apá rẹ̀ kò ṣe é gbé sókè wá wọn aṣọ. Ìyá Ìbéèrè, tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà, rọra bi obìnrin náà pé báwo ni wọ́n ṣe ń wọ ẹ̀wù nílé. Ẹ gbọ́, kí ló burú nínú ìyẹn? Ọ̀gá já téèpù gbà, ó jù ú síta lójú oníbàárà, ó ní kí Ìyá Ìbéèrè máa tẹ̀lé e lọ.

"Télọ̀ ni wá níbí, Ìyá Ìbéèrè. A kì í ṣe nọ́ọ̀sì."

Ó mú téèpù rẹ̀ nílẹ̀, ó sunkún délé. Àmọ́ ó di ọ̀rọ̀ yẹn sínú fún ọdún mọ́kànlá gbáko, kò sì jẹ́ kó tutù. Ọ̀ọ́kán ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ló lọ gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Orúkọ ẹ̀sín náà ló kọ síwájú ìta, òun náà ló ń rán sẹ́yìn ọrùn gbogbo ẹ̀wù. Ilé àwọn oníbàárà ló máa ń lọ, á jókòó sórí àpótí, á máa wo bí wọ́n ṣe ń múra: ẹni tí ìka rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹni tó ń feyín fa bọ́tìnnì. Ó wá ń rán òòfà kéékèèké sínú aṣọ dípò bọ́tìnnì. Ẹ̀wù tí ọ̀gá rán, tí àwọn oníbàárà bá sì gbé wá pé kò ṣe é wọ̀, ojú fèrèsé ló ń fi kọ́, kí ọ̀gá lè máa wò ó láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìwà ìkà ni? Ó dáa, ìkà ni. Inú rẹ̀ sì ń dùn.

Àfi bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe mú apá ọ̀tún ọ̀gá. Ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì ti búra pé ìyàwó òun ò ní wọṣọ fún òun bí ọmọ ọwọ́ lọ́jọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ fà á sọdá, wọ́n kọjá lójú fèrèsé yẹn wọlé. Àwọn oníbàárà tó wà níbẹ̀ kọjú sí wọn.

"Télọ̀ ni mí, ọ̀gá. N kì í ṣe nọ́ọ̀sì."

Ọ̀gá wo ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, Ìyá Ìbéèrè ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó máa wọ ẹ̀wù náà sọ̀rọ̀. Ó fi téèpù kọ́ ọ̀gá lọ́rùn.

"Báwo lẹ ṣe ń wọ ẹ̀wù nílé?"

Pẹ̀lú ẹnu tó wọ́, ọ̀gá sọ ọ́: bó ṣe ń feyín di ọrùn ẹ̀wù mú, bó ṣe sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn lánàá. Gbogbo èèyàn gbọ́. Ìyá Ìbéèrè ò yára wọ̀n ọ́n rárá.

Ẹ̀wù tí Ìyá Ìbéèrè rán fún un dára ju gbogbo èyí tó ti rán lọ. Ahọ́n aṣọ kékeré kan wà láyà rẹ̀, tí ọ̀gá máa fi ọwọ́ òsì fà kí àwọn òòfà lè so mọ́ra. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá wá wọ̀ ọ́ wò, ó fà á, ẹ̀wù padé látòkè délẹ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ló bá wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ Ìyá Ìbéèrè ni wọ́n rán sí ahọ́n aṣọ náà gàdàgbà.

Ọ̀gá rọra bi í bóyá orúkọ náà ṣe é yọ.

Ìyá Ìbéèrè ní ó ṣe é yọ, ṣùgbọ́n ahọ́n aṣọ náà á bá a lọ, ẹ̀wù náà ò sì ní padé mọ́.