Ọjọ́ Tí Mo Lọ Ya Lékeléke Odekpe fún Bàbá Mi

Agogo márùn-ún ìdájí ò tíì lù tí mo fi jáde nílé wa ní Onitsha, kámẹ́rà lọ́rùn, ọ̀yẹ́ ń gé mi létí. Fọ́tò yíyà ni iṣẹ́ mi: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ. Ẹyẹ ò sí níbẹ̀. Bàbá mi ló rán mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, ogójì ọdún ni wọ́n fi ta aṣọ kiri àwọn abúlé etí odò, kò sì sí ohun tí wọ́n ń fẹnu bà níbẹ̀ tó lékeléke orí iyanrìn Odekpe. Ojú Bàbá ti ń lọ báyìí. Ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ, dókítà ò sì purọ́ fún wa: wọ́n lè ríran lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì lè má ríran mọ́.

"Táyọ̀," ni Bàbá wí, "lọ bá mi yà wọ́n wá. Kí n tún rí wọn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Kẹ̀kẹ́ Marúwá gba ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà dé Odekpe. Ọ̀nà yẹn, ẹ jẹ́ n fi í sílẹ̀. Kòtò rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀dà rẹ̀ lọ. Mo ra ọ̀kpa ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà létí odò. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílẹ̀ Yorùbá, ẹ rò ó bíi mọ́ínmọ́ín tí kò lẹ́ja nínú, tó sì le dáadáa. Ọ̀kan péré, mo yó.

Okwudili, ọlọ́kọ̀ ojú omi tí mo háyà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, ti ń dúró. "Ị bọla chi?" ni mo fi kí i, ìyẹn ni pé ṣé ó jí dáadáa. Ó jù mí lọ. Nílé, ǹ bá dọ̀bálẹ̀ fún un. Níbí, ọwọ́ ló nà sí mi, ìwọ-èmi la sì ń bá ara wa sọ.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, odò Ọya ti fà. Iyanrìn gbòòrò kan yọ láàárín omi, lékeléke sì bò ó. Okwudili ní chekeleke ni àwọn ń pè é, àwọn ọmọ Igbo náà sì máa ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti àwọn ọmọ wa. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ń fi ọ̀pá tì wá lọ jẹ́jẹ́.

Ìgbà yẹn ni mo dáràn. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, ọwọ́ mi, tí gbọ̀ngán ìgbéyàwó ti mọ́ lára, sì ti tan fíláàṣì kí n tó ronú. Gbogbo ẹyẹ náà gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé kámẹ́rà kúrò lójú. Afẹ́fẹ́ ìyẹ́ wọn fẹ́ lù mí, òórùn ẹja àti ẹrẹ̀ tẹ̀ lé e, ìró wọn sì dà bí ìgbà tí àwọn obìnrin bá ń gbọn aṣọ tútù kí wọ́n tó sá a. Mo pa iná náà, ṣùgbọ́n aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́.

"Oga, bird no dey pose," ni Okwudili fi pidgin sọ: ẹyẹ kì í gbáradì fún fọ́tò. Mi ò rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ bá Bàbá délé? Omi bọ́ lójú mi. "Ndo," ni ó wí, pẹ̀lẹ́ nìyẹn. Ó ní ká dúró.

A dúró títí oòrùn fi kan àtàrí. Bíi mọ́kànlá padà wá. Mo yà wọ́n: ẹsẹ̀, ọrùn, ẹnu, gbogbo rẹ̀ mọ́ kedere.

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo délé. Mo gbé fọ́tò náà sójú kọ̀ǹpútà, mo fà á tóbi. Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kàn án.

"Funfun ni mo rí," ni Bàbá wí. "Báwo ni wọ́n ṣe dúró? Ṣé wọ́n ṣì máa ń bára wọn jà?"

Mi ò mọ̀. Láti inú kámẹ́rà nìkan ni mo ti wò wọ́n, kí fọ́tò ṣáà ti mọ́. Ojú tì mí gidigidi. Ni mo bá jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ fíláàṣì náà: bí wọ́n ṣe gbéra, afẹ́fẹ́ yẹn, òórùn yẹn, ìró yẹn.

Bàbá pa ojú méjèèjì dé.

"Àwọn nìyẹn," ni wọ́n wí. "Tún un sọ."

Ogún ọdún ni mo ti ń fi kámẹ́rà jẹun, mo sì rò pé mo mọ bí a ti ń wo nǹkan. Mo jókòó ti Bàbá lórí ibùsùn, mo tún un sọ.