Fíìṣì Tí Bàbá Mi Ní Kí N Mú Wá

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti kan páànù tó dípẹtà, tí òórùn rẹ̀ gba imú mi, Akparé, ìlú wa ní Tógò nítòsí Atakpamé, ni ọkàn mi máa ń sá lọ, sí ẹ̀yìn ilé wa níbi tí bàbá mi ri ọparun mọ́lẹ̀, tó so àńtẹ́nì tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn lórí. Irin kékeré tó máa ń wà lẹ́nu wáyà àńtẹ́nì yẹn, èyí tá a ń kì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ṣé o mọ̀ ọ́n? Ní Ìbàdàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, jáàkì là ń pè é. Nílé wa, fíìṣì ni, Faransé ló fún wa. Bàbá mi kò tilẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jiyàn orúkọ: èyí tó ní imú ni akọ, èyí tó ní ihò ni abo, ó parí.

Lọ́dún kan, bí òjò ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ó pè mí pé fíìṣì ti bàjẹ́, pé kí n mú jáàkì àwọn ará Ìbàdàn wá fún òun. Iṣẹ́ wọ̀ mí lọ́rùn. Mo ra mẹ́rin, mo fi rán awakọ̀ kan tó ń lọ sí Atakpamé, mo sì gbà pé mo ti ṣe ojúṣe ọmọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó tún pè. Ó dúpẹ́, ó súre, ó wá ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń so ti Ìbàdàn, kí n wá bá òun so ó. Inú bí mi, kí n má parọ́. Mo ní orúkọ ló yàtọ̀, irin kan náà ni.

"Ó dáa, ọmọ mi," ló wí, ó sì gbé fóònù kalẹ̀.

Wọ́n ti ń wa iṣu tuntun kí n tó délé. Jáàkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà nínú ọ̀rá. Bàbá jókòó tì mí lórí àpótí bí mo ṣe ń bó wáyà, ó ń béèrè ohun tí wọ́n ń pe èyí ní Ìbàdàn, ohun tí wọ́n ń pe tọ̀hún. Mo so ó tán, ó ní kò fún dáadáa, kí n tú u. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú u. Nígbà tí mo jáde lọ mu omi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tẹ̀ lé mi.

"Ta lo rò pé ó ń so fíìṣì gbogbo àdúgbò yìí?" ó ní. "Bàbá náà ni. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ọ."

Mo padà wọlé, mo tú u lẹ́ẹ̀kẹrin. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e tó rọ̀, ó ti dágbére fáyé.

Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an, ọ̀rẹ́ mi. Àwọn bàbá tiwa kì í wí fún ọmọ pé wá, ojú rẹ ń wù mí í rí. Wọ́n á wá nǹkan tó bàjẹ́. Odidi oṣù mẹ́rin ni mo fi ń bá a jiyàn lórí irin.