Agbáyun Dípò Oògùn

Òórùn ògì kíkan ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi tí mo bá wọ ilé ìdáná ìyá mi l'Ókè-Onígbìn. Ìyá mi fẹ́ràn ohun dídùn púpọ̀. Láti ìgbà tí dókítà ti ní àtọ̀gbẹ ló ń ṣe wọ́n, tí wọ́n sì jáwọ́ nínú ṣúgà, ńṣe ni wọ́n máa ń fajú ro bí ife ògì bá kan ẹnu wọn.

Nígbà tí mo ti Èkó wálé ọdún, mo rántí igi agbáyun tó wà létí oko iṣu bàbá wa. Mo já èso rẹ̀ bíi mélòó kan wá, wọ́n pọ́n wẹ̀ẹ̀, wọn ò tóbi ju orí ìka lọ. Ìyá mi jẹ ẹyọ kan, wọ́n tu kóró rẹ̀, wọ́n wá mu ògì.

“Ta ló fi ṣúgà sí i?” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ká ní mo fi í mọ síbẹ̀ ni! Mo padà sí Èkó, mo rí i lórí fóònù, nínú ẹgbẹ́ tí àwa tá a jọ jáde nílé ìwé ti máa ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wa, pé agbáyun ń lé àtọ̀gbẹ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ pátápátá. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo gba ohùn mi sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́: “Màmá, ẹ máa jẹ ẹ́ láràárọ̀. Ó ju oògùn òyìnbó lọ.” Èmi ni mo kàwé jù nínú àwa ọmọ wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà mí gbọ́.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi máa pè mí, ibi tí kùkùté ti gún ìyá wa lẹ́sẹ̀ lóko ti ń rà. Mo sáré ti Èkó wá. Ní ọsibítù l'Ómù-Àrán, ẹ̀gbọ́n mi tú àpò wọn lójú mi, oògùn oṣù mẹ́rin wà níbẹ̀, wọn ò já páálí rẹ̀. Wọ́n ní agbáyun làwọn ń jẹ.

“Èso yẹn dára, Màmá,” ni nọ́ọ̀sì wí, “ó ń gbà yín lọ́wọ́ ṣúgà. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ẹ pa oògùn tì?”

Ìyá mi ò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. “Èmi náà ni. Arúgbó ti ń gbàgbé.”

Mo kó àwọn oògùn náà padà sínú àpò. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà láti orúnkún. Ọdún méjì ni ìyá mi tún lò láyé, wọn ò fi ọ̀rọ̀ náà gún mi lára rí. Lọ́jọ́ tá a sin wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń sunkún pé, “Ta ló kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ burúkú yìí?” Mo ní mi ò mọ̀.

Ìfẹ́ ni ìyá mi fi bò mí. Èmi, ìwà ojo ni mo fi ń bo ara mi láti ọjọ́ náà, ìwọ tó ń ka ìtàn yìí sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo máa sọ ọ́ fún.