Omi Pupa Tó Di Yẹ́lò

Àǹtí Mọ́tótó ni wọ́n ń pè é ní láàbù, orúkọ náà sì rọ̀ mọ́ ọn. Ìgò ló ń fọ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ ní ìtọ́jú sẹ́ẹ̀lì. Bó bá nu tábìlì tán, á tún un nù. Ohunkóhun tó bá kù díẹ̀ káàtó lójú rẹ̀, inú síńkì ló ń lọ, apakòkòrò á sì tẹ̀ lé e. Ìmọ́tótó dára, ta ló máa jiyàn? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, díẹ̀ ló kù kó ba ti àbúrò rẹ̀ jẹ́.

Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni àbúrò rẹ̀ yìí. Bí àìsàn kan bá ti ń jáde lára rẹ̀ ni òmíràn ń wọlé. Dókítà tó ń darí láàbù náà ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa bá àrùn jà fún un kò jà. Ṣé wọn ò lágbára mọ́ ni, àbí ṣe ni wọ́n kàn ń sùn? Ìyẹn ni wọ́n ń wá. Nígbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó búra pé abẹ́rẹ́ ò ní kan òun mọ́ láéláé. Àǹtí pín àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sínú àwo méjì, ó sì fi antibọ́dì, èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan nínú ẹ̀jẹ̀, tí Dókítà gbé fún un sí i.

Antibọ́dì yìí gan-an ló da orí rẹ̀ rú. Kòkòrò àrùn lòun mọ̀ pé ó ń dì mú. Báwo lèèyàn ṣe máa di ọmọ ogun tirẹ̀ mú, tí á tún ní kó lọ jagun? Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ojú ń tì í láti béèrè.

Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tó ṣí àpótí tó ń mú sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ọ́wọ́, omi pupa tí wọ́n fi ń bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì nínú àwo méjèèjì ti di yẹ́lò. Àyà rẹ̀ já. Kòkòrò ti wọ̀ ọ́! Ó da àwo kan sínú síńkì, ó da apakòkòrò lé e. Ó ti gbé ìkejì sókè nígbà tí Dókítà wọlé.

"Ẹ dúró! Kí lẹ ń dà nù?"

"Ó ti bàjẹ́, mà. Ó ti di yẹ́lò."

Dókítà gba àwo náà, ó sì gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù.

"Ẹ wá wò ó."

Àǹtí wò ó. Kò rí kòkòrò kankan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ló ti wú, tí wọ́n kóra jọ ní òṣùṣù òṣùṣù.

"Wọ́n ti jí," ni Dókítà wí. "Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń pọ̀ sí i. Ìdọ̀tí wọn ló sọ omi di yẹ́lò."

"Antibọ́dì ṣáà dì wọ́n mú ni, mà!"

"Ibi tó ti dì wọ́n mú lọ̀rọ̀ wà. Ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó ń kìlọ̀ máa ń fọwọ́ kàn bí ọ̀tá bá dé. Bẹ́ ẹ bá gbá ẹni tó ń sùn léjìká mú, ṣé ó máa dúró béèrè ta ni? Ó máa fò dìde ni. Kò sóhun tó ṣe àwọn wọ̀nyí. Àwọn tó yẹ kó máa jí wọn la máa yẹ̀ wò báyìí."

Àǹtí wo síńkì tó da àwo kìíní sí. Inú rẹ̀ ń dùn, ẹ̀rù ń bà á, kò mọ èyí tó yẹ kó tò síwájú. Ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ pé abẹ́rẹ́ lẹ tún ń wá o!"

"Rárá. Àwọn ọmọ ogun ara ẹ ò kú. Kò sẹ́ni tó ń jí wọn ni." Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé ìyókù, ó ń kó o pọ̀ mọ́ra, torí kò tíì yé òun náà dáadáa.

Wẹ́dà wá béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣàìsàn yìí, ṣé àwọn ọmọ ogun náà kàn wà nínú mi níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Àǹtí dáhùn, ó sì bú sẹ́kún.