Orin Tí Mo Fi Ń Bú Ọkọ Mi

Kí ọkọ mi tó kú, ẹgbẹ́ aláìríṣẹ́ṣe ni mo máa ń pe àwọn tó ń pé jọ síbi orin Akóredé. Ẹnu tí mo fi pè wọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni mo fi ń kọrin láàárín wọn lónìí. Ẹnu èmi yìí, kò sóhun tí kò lè jẹ.

Akóredé, jórinjórin ni láàárín ọ̀sẹ̀. Géètì àwọn olówó ló ń jó ní Ikate, nítòsí ibi tí èmi náà ti ń ta omi tútù àti mínírà lójú ọ̀nà etí òkun. Ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, á wẹ èédú kúrò lára, á gbé agídìgbo rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà ní Ajah. Àǹtí Adéjọkẹ́, lọ́yà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ló fún wọn láyè nínú àgbàlá rẹ̀. Wọ́n á kó ọkọ̀ jáde, wọ́n á to àga rọ́bà, olúkúlùkù á gbé ohun tó fẹ́ jẹ dání. Akóredé á gbé agídìgbo lé itan, á máa fi ìka ta á, á máa kọ orin àtijọ́, orin àwọn tó ti kọjá lọ, àwọn èèyàn á sì máa gbè é. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí ìyẹn, àwọn kan ń wá láti Epe.

Ọkọ mi kì í pa Sọ́ńdè kan jẹ. Tájù bíríkìlà ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Èmi kì í dárúkọ rẹ̀, Bàbá Ràhmát ni mo ń pè é. Tí mo bá dárúkọ rẹ̀ níbí, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, kò lè bá mi wí mọ́. Ọkùnrin tó ń fi ṣòkòtò tí sìmẹ́ǹtì ti gan wọlé lójoojúmọ́, tó bá di Sọ́ńdè á lọ bùbá títí ìlà rẹ̀ á fi mú bí abẹ, ẹ ó rò pé wọ́n tún fẹ́ fún un níyàwó.

Èmi ńkọ́? Màá gbé ìgbálẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin ilé, ẹ mọ irú ilẹ̀ gbígbá tí mò ń wí. Ilẹ̀ kò dọ̀tí. Inú ló dọ̀tí. Ìgbálẹ̀ á wà lọ́wọ́, orin á wà lẹ́nu, irú orin tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni ṣùgbọ́n tí olówó orí mi mọ ara rẹ̀:

Ó kọ́lé fún ará Lekki,
Ó kọ́lé fún ará Ajah,
Bíríkìlà, ilé tìrẹ ń jò.

N kò purọ́ mọ́ ọn. Páànù orí yàrá wa ti ń jò láti ìgbà tí Ràhmát ọmọ wa ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, Ràhmát yìí sì ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì báyìí, níbi èbúté ńlá tí wọ́n ṣe sí Ibeju. Tí mo bá kọ ti ilé tán, màá kọ ti bùbá. Tí mo bá kọ ti bùbá tán, màá kọ ti ìpàkọ́ rẹ̀. Bàbá Ràhmát kì í fèsì. Á kàn tẹ̀ ba sẹ́nu ọ̀nà, á máa so okùn bàtà. Okùn bàtà lásán, ẹ ó rò pé ó ń di màlúù mọ́gi. Mo ní ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Inú á tún bí mi sí i, màá fi tuntun lé e.

Kẹ́ ẹ má rò pé mo lóhùn o. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé ní ilé kéú, tí a ń múra orin wòlímọ́tì, ááfà wò mí títí, wọ́n ní kí n máa pàtẹ́wọ́, kí n fi orin sílẹ̀ fún àwọn tí Ọlọ́run fún.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Ràhmát kú. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó jẹun tán, ó ní ó rẹ òun, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó tán. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo gbé ìgbálẹ̀ ní àkókò tí mo máa ń gbé e, mo dúró sáàárín yàrá, mo wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tí mo fẹ́ bú. Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó pẹ́ kí ilẹ̀ yẹn tó rí ìgbálẹ̀ mi.

Nígbà tí a ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ tán, Akóredé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ lọ́rùn.

"Ìyá Ràhmát, Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí la fẹ́ pe Bàbá."

"Ẹ fẹ́ pè wọ́n? Ibi tí wọ́n lọ kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé àṣà àwọn ni. Tí ọ̀kan nínú àwọn bá kú, lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ará ilé rẹ̀ á wá lé orin rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Tí àwọn èèyàn bá gbè é, ẹni náà ti wọ inú orin nìyẹn. Gbogbo Sọ́ńdè ni wọn ó máa pè é kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun.

"Tí wọn ò bá gbè é ńkọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "A ò ní pè é mọ́, Màmá. Orin tí kò ní ègbè, ẹnì kan ò lè dá a gbé."

Mo ṣí kúlà omi, mo tún pa á dé.

"Oríkì wọn ni kẹ́ ẹ mú wá," ó ní. "Ta ló tún mọ oríkì ọkọ tó ìyàwó ilé?"

"Èmi lò ń wí fún? Oríkì tí mo fi ń jí wọn láràárọ̀!"

Irọ́ gbuu. Ariwo ni mo fi ń jí ọkọ mi. Ìyá ọkọ mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, fẹ́ kọ́ mi ní oríkì ilé wọn nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun. Láràárọ̀ ni ìyá á dúró nídìí kànga, wọn á máa ki ọmọ wọn, wọn á máa fi ojú pè mí pé kí n gbà á lẹ́nu àwọn. Èmi á ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá," ọkàn mi á wà lọ́dọ̀ ọjà mi. Mo rò pé oríkì dà bí iyọ̀, pé kì í tán nílé.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó mọ̀ ọ́n: Mùínàt, àbúrò ọkọ mi, ní Ajah. Mo jù ú lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sínú ilé kí wọ́n tó mú mi wọ̀ ọ́, nítorí náà ọkọ ni ó jẹ́ fún mi. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Eyínfúnjowó ni mo ń pè é. Eyín náà funfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe mú ju bó ṣe funfun lọ. Tí mo bá bi í, ilẹ̀ ò ní ṣú kí gbogbo Ajah tó gbọ́ pé ìyàwó tó ti pẹ́ nílé bí àmù kò mọ oríkì ọkọ rẹ̀. Mo bá kọjú sí fóònù.

"Ràhmát, bá mi wo oríkì bàbá ẹ níbẹ̀ yẹn."

"Mọ́mì, ṣé inú fóònù ni Bàbá wà ni?"

"Ṣebí ẹ ní gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀. Wá a dáadáa."

Ó wá a títí, ó rí fídíò kan tí ẹnì kan ti ń ki ilé ọlọ́lá kan. Ẹṣin ló kún inú rẹ̀: ọmọ ẹlẹ́ṣin, ọmọ agẹṣin-lọ-sógun, ọmọ ẹni tí ẹṣin rẹ̀ ń mu nínú àwo idẹ. Ó dùn létí mi.

"Mọ́mì, kì í ṣe tiwa o. Bàbá tó ń sá fún ewúrẹ́?"

"Ta ló máa mọ̀?"

Òótọ́ lọ̀rọ̀ ewúrẹ́ o. Nígbà kan, ewúrẹ́ kan dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Bàbá Ràhmát dúró sójú títì, ó ń dúró kí ewúrẹ́ ro ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tán. Irú ẹni tí mo fẹ́ gbé gẹṣin nìyẹn. Odindi ọ̀sẹ̀ ni mo fi há a sórí. Oníbàárà á ní kí n mú omi tútù wá, èmi á ní, "Ọmọ ẹlẹ́ṣin." Wọ́n ní ikú ọkọ ti ń yọ mí lẹ́nu.

Sọ́ńdè dé. Mo wọ aṣọ, mo wé gèlè tó le bí páànù, èmi àti Ràhmát dé Abraham Adésànyà. Ta ni mo rí ní àga iwájú? Eyínfúnjowó. N kò mọ̀ pé ó ń wá síbẹ̀ rí. Kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún mi, ṣebí aláìríṣẹ́ṣe ni gbogbo wọn.

Akóredé ta agídìgbo. Ó pe àwọn òkú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn ń gbè wọ́n, àwọn mìíràn ń di ojú. Ó wá kàn mí. Mo dìde. Mo la ẹnu.

"Ọmọ ẹlẹ́ṣin! Ọmọ agẹṣin-lọ-sógun!"

Agídìgbo ń dún, ó ń dúró de ègbè. Ègbè kò dé. Mo tún un pè. Bí mo ṣe pe ẹṣin kejì, mo rí i pé àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Àǹtí Adéjọkẹ́ mi orí sí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí lọ́yà ṣe ń mi orí sí ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́.

Eyínfúnjowó kò dúró kó pẹ́. "Ìyàwó wa! Nígbà wo la ra ẹṣin?"

Ẹ̀rín bú jáde.

"Ta ló ń já koríko fún un? Bùrọ̀dá mi tí ewúrẹ́ ń lé wọ ṣáláńgá?"

Òógùn bò mí lábẹ́ gèlè. Kì í ṣe ẹ̀rín wọn ló dùn mí. Mo rí i pé orúkọ ọkọ mi ti fẹ́ jábọ́ nílẹ̀ lójú mi. Mo gbé e sórí ẹṣin ẹni ẹlẹ́ni, ẹṣin sì ti fẹ́ dà á nù. Àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, èmi ni mo fẹ́ pa á, tòun ti gèlè.

Akóredé kò jẹ́ kí agídìgbo dákẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin yẹn. Nílé, kí lẹ máa ń kọ fún wọn?"

"Èébú ni!" Inú ti ń bí mi. "Èébú ni mo máa ń kọ fún wọn!"

"Ẹ kọ èébú náà."

Ọwọ́ mi kàn ń wá ìgbálẹ̀. Mo tẹ̀, bí mo ṣe máa ń tẹ̀, mo kọjú sí ilẹ̀ Àǹtí Adéjọkẹ́ tó mọ́ fínnífínní, mo là á mọ́lẹ̀:

"Ó kọ́lé fún ará Lekki,
Ó kọ́lé fún ará Ajah—"

N kò tíì dé ìlà kẹta tí gbogbo àgbàlá fi gbà á lẹ́nu mi:

"Bíríkìlà, ilé tìrẹ ń jò!"

Mo nàró. Mo wo ẹ̀yìn mi, mo wò bóyá Ràhmát ló ti kọ́ wọn. Ràhmát fúnra rẹ̀ la ẹnu sílẹ̀. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ju ara. Àǹtí Adéjọkẹ́ ti dìde lórí àga, òun ló lé ìkejì, ti bùbá:

"Ó lọ bùbá, kò lọ ojú,
Ọkọ ìyàwó, ìyàwó dà?"

Wọ́n sì dáhùn pé:

"Ó ń bẹ nílé, arẹwà ń gbálẹ̀!"

Ègbè yẹn kì í ṣe tèmi. Tèmi parí síbi "ìyàwó dà." Ẹnì kan ló fi èsì sí i.

"Bàbá ló ń kó àwọn orin yìí wá," Akóredé ní. "Tí wọ́n bá ti wọlé báyìí, wọ́n á ní, 'Ẹ dákẹ́ ná, ìyàwó mi ti ṣe tuntun.' A ní kí wọ́n mú yín wá. Wọ́n ní ẹ ò ráyè àwa aláìríṣẹ́ṣe."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ okùn bàtà tó yé mi.

Mo fẹ́ jókòó kí n sunkún bó ṣe yẹ opó, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n kọ ti ìpàkọ́, èmi náà sì rí i pé orin mi ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ìgbéraga ti ẹkún padà. Mo kọ ti ìpàkọ́. Mo kọ ti ewúrẹ́, tí mo ṣe lójú ẹsẹ̀. Ohùn mi ń ya bí aṣọ ògbólógbòó, wọ́n ń gbè é.

Eyínfúnjowó wá bá mi nígbà tí a ń kó àga. "Ìyàwó, orin tó pọ̀ tó báyìí nílé, lo bá lọ ń yá ẹṣin."

"Ẹ kọ́ mi ní oríkì náà, ẹ jọ̀ọ́, Eyínfúnjowó."

"Ó ti pẹ́ jù. Orí ẹ ò gbà á mọ́. Èyí tó o ní yẹn, mú un so mọ́ra."

Bí ọkọ mi ṣe wọ inú orin nìyẹn. Wọ́n ń pe òkú àwọn ẹlòmíràn ní erin, wọ́n ń pè wọ́n ní ẹkùn. Tèmi, ilé rẹ̀ ń jò ní gbogbo Sọ́ńdè. Èmi ni mo sì ń lé e. Bíríkìlà kan nínú ẹgbẹ́ ní òun á bá mi ṣe páànù náà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní kó má ṣe é. Tí ilé náà ò bá jò mọ́, kí la ó máa kọ? Mo gbé báàfù sí i lábẹ́.

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, mo ń lọ bùbá mi lọ́wọ́, mo gbọ́ ìgbálẹ̀ ní pálọ̀. Ràhmát ló ń gbá ilẹ̀ tó ti gbá láàárọ̀.

Ìyá àgbà ń lọ bùbá,
Omi ń kán sórí ìrọ̀rí,
Ó lóun ń lọ síbi orin.

"Ta lò ń bú?" mo ké.

"Mọ́mì, ṣé mo dárúkọ ẹnikẹ́ni ni?"

Ó ń bá orin rẹ̀ lọ, ó ti fi ọ̀rọ̀ ìpàkọ́ mi sí i. Mo gbé bàtà mi, mo tẹ̀ ba sẹ́nu ọ̀nà. Sílípáàsì ni, kò ní okùn. Mo ń tún un wọ̀, mo ń tún un bọ́, títí ó fi kọ ọ́ dé òpin, kí n má baà gbàgbé ìkankan nínú rẹ̀ kí n tó dé Abraham Adésànyà.