Ọfà Kékeré Ara Mítà

Wọ́n pè mí ní Ẹnjiníà lónìí, èmi tí mi ò tíì lè nawọ́ sókè rí ní kíláàsì!

Bàbá Kọ́lá tó ń tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní àdúgbò Limawa fẹ́ so mítà tó ń ka epo mọ́ ẹ́ńjìnì kan. Èmi ọmọ ìwé tó máa ń lọ sọ́dọ̀ wọn ni mo ní kí wọ́n ra kékeré, torí epo tí ẹ́ńjìnì yẹn ń mu kéré jù láti yí mítà ńlá.

Wọ́n so ó, wọ́n ki ìdí ẹ́ńjìnì bọ inú dúrọ́ọ̀mù omi kó má baà gbóná jù, wọ́n tan án. Òdo ni mítà ń fi hàn.

Bàbá Kọ́lá yíjú sí mi: "Haba! Ṣebí ìwọ lo ní kí n ra kékeré?"

Mo tún wo mítà náà dáadáa.

"Ẹ má bínú, sà. Táńkì ni ọfà ara rẹ̀ kọjú sí. Ẹ́ńjìnì ló yẹ kó kọjú sí, níbi tí epo ń ṣàn lọ."

"Ọmọ ìwé! Ẹ́ńjìnì mélòó lo ti tún ṣe rí?"

"Kò sí, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n yí i padà. Mítà bẹ̀rẹ̀ sí í ka!

"Toh, Ẹnjiníà, wá bá mi dì í le."

Òórùn epo ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì tíì fẹ́ fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, orúkọ wo ni wọ́n ti pè yín rí kí ẹ tó tóótun fún un?